Ìgò Oògùn Bùnmi

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, abẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ni Benjamin wà ní etí ọ̀sà Ipakodo, ó ń fi òwú àti ọ̀dà dí ibi tí omi ti ń jò wọlé. Káfíńtà ni, iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ojú omi ló sì ti ń ṣe láti ogún ọdún. Fóònù dún lẹ́ẹ̀mejì nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ kó tó fa ara rẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Rùkáyàt, tó ń ta ẹja tútù ní Ẹ̀pẹ́, ló ń pè.

"Benjamin, Bùnmi ò dáhùn mọ́."

"Kí lẹ wí, Àǹtí?"

"Mo ní mo ń pè é, kò dáhùn. Ó kàn ń mí ṣáá ni. Ó ń mí bí ẹni tó sáré láti Ìkòròdú dé ibí. A ti gbé e dé ilé ìwòsàn. Máa bọ̀."

Kò bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó gun ọ̀kadà dé ibùdókọ̀ Benson, ó wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, ọ̀dà dúdú sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Obìnrin tó jókòó tì í fa aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn kí ọ̀dà má baà kàn án.

"Ẹ má bínú," ni Benjamin wí. "Ọmọ mi ni."

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí aṣọ náà padà síbi tó wà.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Bùnmi, òun nìkan sì ni Benjamin ní. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀, tó ń tọ̀ ṣáá, tó ń jẹun tó sì ń rù. Nọ́ọ̀sì Ọláòtán, tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé alátọ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú, ló jókòó ṣàlàyé fún bàbá àti ọmọ.

"Gbogbo ara wa, yàrá kéékèèké ni," ló wí lọ́jọ́ náà. "Sẹ́ẹ̀lì là ń pè wọ́n. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ààrò tirẹ̀. Oúnjẹ tí a bá jẹ á di ṣúgà, ṣúgà yẹn sì ni igi ìdáná. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ló ń jẹ́ kí iná náà jó. Iná yẹn la fi ń rìn, òun la fi ń ronú, òun náà ló ń jẹ́ kí ara wa lọ́wọ́ọ́wọ́."

"Kí ló wá ṣe ọmọ tèmi?"

"Igi kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, Bàbá Bùnmi, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tì. Ínsúlínì ló ń ṣí i, ara tirẹ̀ ò sì ṣe é mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi máa gún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ilẹ̀kùn bá tì pẹ́, ebi á pa inú yàrá, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fa òpó ilé yọ láti fi dáná. Á jó ọ̀rá ara rẹ̀, á jó ẹran ara rẹ̀. Èéfín irú iná bẹ́ẹ̀, májèlé ni. Ẹ máa gbóòórùn rẹ̀ lẹ́nu ọmọ, bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti rà. Ọjọ́ tí ẹ bá gbóòórùn yẹn, ẹ má dúró mu omi."

Bùnmi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á ká aṣọ kúrò ní itan, á ní, "Bàbá mi, ẹ wá ṣílẹ̀kùn."

Iná mànàmáná kì í pẹ́ ní àdúgbò wọn, Benjamin kò sì ní fíríìjì. Ó gbé ìkòkò kékeré sínú ìkòkò ńlá, ó da iyanrìn sáàárín méjèèjì, ó sì ń bu omi sí iyanrìn náà ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Inú ìkòkò kékeré yẹn ni oògùn ń gbé. Kò bàjẹ́ rí.

Nígbà tí ìsinmi gígùn dé, Bùnmi ní Ẹ̀pẹ́ lòun ń lọ, lọ́dọ̀ Rùkáyàt tó ń pè ní Màmá Ẹ̀pẹ́. Rùkáyàt wá sí Ìkòròdú ní Sátidé méjì láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gúnni lábẹ́rẹ́. Ọsàn ló fi kọ́ ọ. Ó gún ọsàn títí ọwọ́ rẹ̀ fi balẹ̀, Bùnmi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Màmá, ọsàn yẹn ti gbádùn o, ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé." Ìkòkò oníyanrìn náà wúwo, wọ́n fi í sílẹ̀.

Nígbà tí Benjamin wọ yàrá ilé ìwòsàn náà, òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ojú Bùnmi là díẹ̀, kò sì wo ẹnì kankan. Ètè rẹ̀ bó. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, èémí náà jìn, ó sì yára, bí ẹni pé ó fẹ́ mí nǹkan kan jáde tí nǹkan náà kò gbà láti jáde. Dókítà ní ṣúgà ọmọ náà ti kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè kà. Omi ń kán wọ ara rẹ̀ láti ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ti fún un ní ínsúlínì tuntun.

"Ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé e wá," ni dókítà wí, kò sì jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ibà ni mo pè é," ni Rùkáyàt wí láti ẹ̀yìn. "Bébà tí a fi ń wọn ṣúgà ti tán láti ọjọ́ kejì tó dé. Ibà ni mo pè é."

Benjamin di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ ọlọ́dà. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà Olúwa, ó dé ibi tí wọ́n ti ń tọrọ oúnjẹ òòjọ́, kò lè kọjá ibẹ̀. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló tún dúró sí. Ṣúgà kún inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí, ebi sì ń pa gbogbo yàrá ara rẹ̀ kú.

Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, èémí náà rọlẹ̀. Benjamin rò pé ara ti ń balẹ̀. Ara kò balẹ̀. Èémí ló ń tán.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà, kí omijé tó dé, ìbéèrè ló kọ́kọ́ dé.

"Àǹtí, ṣé ẹ gún un?"

"Mo gún un láàárọ̀, mo gún un lálẹ́. Mi ò fo ọjọ́ kan."

"Ọmọ tí wọ́n ń gún ò lè rí báyìí."

"Mo fi Àlùkùránì búra, Benjamin."

"Ẹ má fi ìwé Ọlọ́run bo irọ́ mọ́lẹ̀."

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Rùkáyàt ṣe ẹ̀sìn bàbá wọn. Benjamin dàgbà lọ́dọ̀ àbúrò ìyá wọn, tó fi í sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù, tó sì mú un lọ síbi ìrìbọmi. Ẹ̀sìn kò yà wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ló yà wọ́n. Nígbà tí wọ́n sin Bùnmi sí ilẹ̀ ìjọ ní Ìkòròdú, Benjamin ránṣẹ́ pé kí ẹ̀gbọ́n òun má wọlé. Òdìkejì títì ni obìnrin náà dúró sí, ó di ọwọ́ mọ́ àyà, títí wọ́n fi kó ṣọ́bìrì kúrò.

Oṣù méjì kọjá. Kò gbé ìpè Rùkáyàt. Ó ń lọ sí Ipakodo, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń padà sínú ilé tí ẹnì kankan kò ti pè é. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ mọ̀ láyé: ta ló pa ọmọ òun?

Lọ́jọ́ kan, Salman, àkọ́bí Rùkáyàt, gbé àpò Bùnmi wá. Kò jókòó. "Ẹ̀gbọ́n yín ò jẹun dáadáa o, Bọ̀dá," ló wí lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lọ. Nínú àpò náà, aṣọ wà níbẹ̀, àti abẹ́rẹ́, àti ìgò ínsúlínì tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Benjamin yí ìgò náà lọ́wọ́. Ẹlẹ́rìí dé, ló rò. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni Bùnmi lò ní Ẹ̀pẹ́. Bí ìgò bá kún ju bó ṣe yẹ lọ, yóò gbé e síwájú gbogbo ẹbí.

Ó gbé e lọ bá Nọ́ọ̀sì Ọláòtán. Nọ́ọ̀sì fi pẹ́ńsù ṣírò rẹ̀ sórí bébà, ó wo ìlà ara ìgò, ó tún un ṣírò.

"Ó pé," ló wí. "Wọn ò fo ìkankan."

"Kò lè pé."

"Ìṣirò ni, Bàbá Bùnmi. Ẹ wò ó fúnra yín."

Ó wò ó. Ó pé. Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì yí ìgò náà sókè sódò, tó sì gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó yẹ kí omi inú rẹ̀ funfun, kó dán bí omi ògì. Eléyìí ti ṣù, kóró funfun kéékèèké lẹ̀ mọ́ ara ìgò.

"Ibo ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí?"

"Ẹja ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà," ni Benjamin wí, ó ń sọ ọ́ lọ, ó ń yé e bọ̀. "Ó ní kúlà ńlá mẹ́ta."

"Wọ́n rì í sínú yìnyín." Nọ́ọ̀sì gbé ìgò náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Òtútù díẹ̀ dára fún un. Ṣùgbọ́n tó bá ti dì lẹ́ẹ̀kan, agbára rẹ̀ ti lọ, bó tilẹ̀ yọ́ padà. Kò lè ṣí ilẹ̀kùn kankan mọ́. Ta ló ní kí wọ́n fi sínú yìnyín?"

Benjamin tún gbé ìgò náà. Ó rí ara rẹ̀ ní Benson lọ́jọ́ tí Bùnmi ń lọ, lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí Bùnmi. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, oògùn yìí ò gbọdọ̀ rí ooru o. Bí ẹ ṣe ń tọ́jú ẹja yín, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀."

Ẹnì kankan kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ju àwọn mẹ́ta lọ, ọ̀kan sì ti wà nínú ilẹ̀. Ó lè dákẹ́. Ó lè sọ ìgò náà sínú ọ̀sà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbé e kiri nínú àpò, ó ń kan ìṣó wọ́, ó ń fà á yọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́.

Fàlílátù, tí àtẹ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Rùkáyàt nínú ọjà ẹja, ló kọ́kọ́ rí i.

"Ẹ wá wo nǹkan o. Ẹja lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹjọ́ lẹ tún gbé wá?"

"Fàlílátù, fi í sílẹ̀," ni Rùkáyàt wí. Ó ti rù. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ.

Benjamin dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, láàárín ìpẹ́ ẹja. "Àǹtí, ẹ gún un. Ẹ ò fo ìkankan. Yìnyín ló pa oògùn náà. Èmi ni mo sì ní kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ bí ẹja."

Rùkáyàt nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Ó jókòó sórí kúlà.

"Àárọ̀ mẹ́rìndínlógún," ló wí. "Mo ń gún ọmọ náà, ó ń fara da oró, ó ní 'Màmá, ẹ ṣeun.' Omi lásán ni mo ń gún sí i lára."

"Ẹ̀bi yín kọ́."

"Dìde. Má sọ ẹ̀bi tó jẹ́ tèmi àti èyí tí kì í ṣe tèmi fún mi." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Oṣù méjì lo fi pè mí ní apààyàn. Mo dúró sí òdìkejì títì bí ajá tí wọ́n lé. Mi ò tíì lè dárí ìyẹn jì ọ́. Mi ò mọ ìgbà tí màá lè ṣe é."

"Mo gbọ́, Àǹtí."

Ó fi etí ìborùn nu ojú. "Àwọn ọmọ mìíràn wà níbi tí ẹ ti ń gba oògùn náà?"

"Wọ́n pọ̀."

"Ta ló ti sọ ti yìnyín fún àwọn ìyá wọn?"

Benjamin kò mọ̀. Rùkáyàt ní kó wá bébà. Fàlílátù fà á yọ láti inú ìwé ọmọ rẹ̀, ó sì nà án sí Benjamin. Benjamin fi ọwọ́ ìkọ̀wé tí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ kọ ọ́, ó sì kà á sókè, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ̀wé: "Ẹ̀yin òbí, ẹ tọ́jú ínsúlínì sí ibi tó tutù, ẹ má jẹ́ kó dì."

"Pa á rẹ́," ni Rùkáyàt wí. "Bí 'ibi tó tutù' yẹn náà ni ọ̀rọ̀ tó o sọ fún mi ṣe rí. Kọ ọ́ bó ṣe máa yé èmi."

Ó tún un kọ. Ó kọ pé kí wọ́n má fi oògùn sínú yìnyín, kí wọ́n má fi sí ẹ̀gbẹ́ yìnyín. Bí ó bá ti dì rí, kí wọ́n má lò ó mọ́. Ó kọ ti ìkòkò méjì àti iyanrìn tútù. Ó kọ pé bí ọmọ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó rà, kì í ṣe ibà, kí wọ́n máa gbé e lọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó yé mi," ni Rùkáyàt wí. "Kọ orúkọ Bùnmi sísàlẹ̀."

Ó kọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, tí í ṣe ọjọ́ ìtọ́jú àwọn ọmọdé alátọ̀gbẹ, àwọn méjèèjì wọ ilé ìwòsàn Ìkòròdú náà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́nà. Àwọn ìyá jókòó lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì Ọláòtán nawọ́ sí ògiri. Rùkáyàt fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ bébà náà mọ́ ibẹ̀ kó tọ́, Benjamin sì kan ìṣó mẹ́rin mọ́ ọn, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan.