Okùn Pupa

"Kókó ẹ̀ dà?" ni ìyá arúgbó kan tó ń yí ìdì egbò kan síwá sẹ́yìn bi ọkùnrin tó ń ta egbòogi.

"Kókó wo, Màmá? Ẹ ò rí bó ṣe rẹwà ni?"

Àbúrò Olóògbé ni wọ́n ń pè é lọ́jà láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, tó sì gba ìsọ̀ egbòogi lọ́wọ́ opó tí ẹ̀gbọ́n náà fi sílẹ̀. Okùn tí obìnrin náà fi di àwọn egbò ti gbó, ó ti dọ̀tí. Lánàá ni ọkùnrin náà gé gbogbo rẹ̀, ó fi dáná, ó sì fi okùn pupa tuntun tún wọn dì kí ìsọ̀ náà lè fa ojú mọ́ra.

"Rẹwà kẹ̀? Ṣé mo fẹ́ gbé e níyàwó ni?" Ìyá náà pòṣé. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ máa ń ta kókó kan sí okùn èyí tí wọ́n ń mu, á ta méjì sí èyí tí wọ́n fi ń wẹ̀. Ti wíwẹ̀ yẹn, bọ́mọ kékeré bá gbé e mì, ẹ̀mí ẹ̀ ló ń lọ yẹn."

Ó gbé ìdì náà kalẹ̀ bí ẹni gbé ejò, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọkùnrin náà gbé ìdì náà, ó gbéra láti wá opó náà lọ. Láàárọ̀ yìí, ìyá ọmọ kan ti ra ìdì kan. Ara ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn gbóná bí ààrò. Obìnrin náà ní, "Ṣé kí n sè é fún un mu?" Òun sì fèsì pé, "Kó mu ún dáadáa."

Ẹ̀yìn ìsọ̀ alápatà, létí gọ́tà, ló ti bá opó náà. Ó tẹ́ ewé tútù sórí àpò nínú oòrùn, ó ń lé eṣinṣin. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin yìí ju agbòjò rẹ̀ síta, "ìwọ obìnrin yìí" ló pè é.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí. Mímu ni àbí wíwẹ̀?"

"Ọkọ mi, ẹ káàsán." Ó dá egbò náà sí méjì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mirí. "Tó bá ti gbẹ báyìí, èmi náà ò mọ̀ ọ́n mọ́. Inú igbó ni mo ti máa ń ta kókó sí i, nígbà tí ewé bá ṣì wà lórí ẹ̀. Ẹ ò sá tíì tà nínú ẹ̀?"

"Mo ta ìdì kan fún ìyá kan tó pọn ọmọ aláìsàn láàárọ̀ yìí. Mo ní kí ọmọ náà mu ún."

Obìnrin náà ti dìde, ó ń so ìró rẹ̀ le. "Ta ni ìyá náà? Ibo nilé ẹ̀? Kí ló wọ̀?"

Kò mọ̀. Okùn pupa ló ń wò nígbà náà, kò wojú oníbàárà. Opó ti ń sáré láàárín ọjà, ó ń bi ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan léèrè ìyá tó pọn ọmọ aláìsàn. Ó fi ewé rẹ̀ sílẹ̀ fún eṣinṣin. Ọkùnrin náà ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n mú níbi tó ti ń jalè. Ohun kan ṣoṣo tó tún rántí ni àdúrà tí ìyá ọmọ náà gbà fún un kó tó lọ, pé àìsàn kò ní mọ ilé rẹ̀.

Ó sì ti fi ohùn òkè ṣe àmín.