Fìlà Kan Kí Aago Mẹ́rin Tó Lù

Ọwọ́ tó ti mọ ìkọ́ kì í bẹ̀rù ìkọ́, àfi bí ìkọ́ bá yí padà di ohun mìíràn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ogún ọdún ni Dì-í-Pinpin ti ń so irin fún àwọn tó ń kọ́ ilé alájà. Níbi tí irin méjì bá ti gba orí ara wọn kọjá, á fi wáyà yí i ká, á ki ìkọ́ bọ̀ ọ́, á lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí. Kò sẹ́ni tó rí ìdì rẹ̀ kó tú rí. Níbẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yọ orúkọ fún un. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ìkọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gùn ju ìka lọ, òwú rírọ̀ aláwọ̀ ìyeyè ló sì wà nítan rẹ̀.

Orí àga gígùn ló jókòó sí nílé ìwòsàn, níwájú ilẹ̀kùn iyàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ọmọ tirẹ̀ ti lo ọjọ́ márùn-ún nínú àpótí gíláàsì tó ń mú ọmọ móoru. Oṣù keje ló dé, kò wúwo ju búrẹ́dì kan lọ, orí rẹ̀ kò sì ju ọsàn ńlá kan. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú lọ́hùn-ún, ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò tíì jinná.

Nọ́ọ̀sì kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "Bàbá ọmọ, ọmọ tó kéré ju tiyín lọ ti dé, òun ló máa bọ́ sínú àpótí yẹn. Tiyín lè kúrò níbẹ̀ tá a bá so ó mọ́ àyà ìyá ẹ̀, kí ara kan ara. Àmọ́ orí ni òtútù ń gbà wọ ọmọ báyìí. Lánàá tá a dán an wò, aṣọ tá a wé fún un yọ̀, ká tó ṣẹ́jú, ara ẹ̀ ti tutù. Ẹ wá fìlà tó bá orí ẹ̀ mu gẹ́ẹ́. Tí kò bá sí títí aago mẹ́rin, ọkọ̀ máa gbé e lọ sílé ìwòsàn mìíràn, ìrìn wákàtí mẹ́ta. Ìyá ẹ̀ ò sì lè bá a lọ."

Ó gé bándéèjì kan fún un, gígùn rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n orí ọmọ náà. Gbogbo fìlà tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì ló bo ọmọ títí dé àgbọ̀n.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí a ti ń fi ìkọ́ hun òwú, tí wọ́n ń pè ní kroṣé, nínú ẹbí, ìyá rẹ̀ ni. Ọdún kẹta rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú màmá lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn ìka náà ká kò bí ẹni di ẹyin mú, wọn kò sì là mọ́. Síbẹ̀ màmá kó àpò òwú rẹ̀ wá.

"Ọwọ́ mi ló kú, ẹnu mi ò kú," ni ó wí. "Jókòó, ọkọ mi. Ṣe kókó tó ń yọ̀. Ki ìkọ́ bọ̀ ọ́, fi gbá òwú, fà á gba ojú ẹ̀ kọjá. Ẹyọ kan nìyẹn. Ṣe mẹ́rin, kí o so orí mọ́ ìdí kó di òrùka."

Dì-í-Pinpin ṣe é. Ṣùgbọ́n bó ti ń fa òwú jáde ni ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń dá lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni ń di wáyà. Nígbà tó fi di aago méjìlá, ohun tó hun ti le bí ìdérí ìgò, ó dá dúró lórí àga. Ìkọ́ kò rí ojú kankan wọ̀ mọ́.

Awakọ̀ tó máa gbé ọmọ náà lọ ti dé ṣáájú àkókò. Ó jókòó sí òdìkejì, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lu itan: ṣìn-ìn, ṣìn-ìn.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "ilé alájà mélòó lẹ fẹ́ kọ́ lé orí ọmọ yẹn?"

"Awakọ̀, iwájú ni kí o máa wò," ni màmá dáhùn. "Ẹni tó ń wo ẹ̀gbẹ́ ló ń kó sí kòtò." Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Tú u."

"Kí n tú kí ni? Màmá, níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó bá tú ìdì ti ba iṣẹ́ jẹ́."

"Irin nìyẹn. Àwùjẹ ọmọ ló máa wà lábẹ́ èyí, ó ń mí. Tú u."

Ó tú u. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún le. Ó tú u lẹ́ẹ̀kejì, òwú náà ti ń rí játijàti.

Aago méjì lù. Nọ́ọ̀sì yọjú. "Bàbá ọmọ, wọ́n ti ń kọ ìwé tó máa bá ọmọ lọ."

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí yẹn, ó rí ìyàwó rẹ̀ fìrí lórí ibùsùn, tó na ọwọ́ sí gíláàsì àpótí náà tí ọwọ́ kò dé ibẹ̀. Ilẹ̀kùn padé. Ìkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ àga.

"Màmá, ọwọ́ yìí ò mọ̀ ju kó fún nǹkan pa lọ. Ọwọ́ mi ló máa lé ọmọ mi lọ."

Màmá di ojú. "Ẹlẹ́dàá tó ń hun ọmọ nínú òkùnkùn láìlo ìkọ́," ni ó wí jẹ́jẹ́, "wá yá wa lọ́wọ́." Nígbà tó lajú, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò, èyí tó kú.

"Mú ìkọ́ yẹn. Gbé òwú wá, kì í bọ àárín àwọn ìka mi yìí, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ."

Ó kì í bọ̀ ọ́. Àwọn ìka tó ti kọ̀ láti là fún dókítà gba òwú náà mọ́ra bí ẹni pé ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ká. Dì-í-Pinpin fa ẹyọ kìíní, ó fẹ́ lọ́ ọ. Apá màmá bá òwú náà wá, màmá sì wa eyín pọ̀, "Sììì!" Ọmọ rẹ̀ dá ọwọ́ dúró lójijì. Ta ni yóò wọ́ ìyá rẹ̀ ní ọwọ́ àìsàn? Ẹyọ kejì, ó rọra fà á. Òwú yọ̀ wá, díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀.

"O rí i," ni màmá wí. "Mẹ́fà nínú òrùka. Tó bá yí po, fi méjì méjì sínú ojú kọ̀ọ̀kan. Kà á síta."

Ó ń kà, màmá ń kì í lábẹ́ ohùn:

"Ọmọ asorin-má-tú,
Ìjì jà jà jà, ilé tó o so ò mì.
Ọwọ́ tó le fún irin,
Òun náà ni yóò rọ̀ fún àwùjẹ."

Méjìlá. Méjìdínlógún. Òógùn ń kán sórí òwú. Ó fo ojú kan, màmá rí i, ṣùgbọ́n Dì-í-Pinpin ti tú ẹyọ mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Nígbà tí ìsàlẹ̀ fìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, kọ́kọ́rọ́ awakọ̀ ti dákẹ́. Ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, awakọ̀ dìde láìsọ̀rọ̀, ó jáde lọ. Wọ́n gbọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ ta gìrì níta, tó ń kùn.

"Má gbọ́ ọ," ni màmá wí. "Kà."

Ó ku ìyípo kan nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Dì-í-Pinpin na bándéèjì náà yí fìlà po. Etí bándéèjì méjèèjì kan ara wọn gẹ́ẹ́.

"Ó ti tó, ẹ gbé e wá," ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì fa sísọ́ọ̀sì yọ lápò, ó gé òwú tó ṣì so fìlà náà mọ́ ọwọ́ màmá. Ìka Dì-í-Pinpin ti mú ìrù òwú náà, ó fẹ́ ta á ní kókó mẹ́ta.

"Má dì í pinpin!" ni màmá ké. "Fa ìrù ẹ̀ gba ojú tó kẹ́yìn, kí o fi í sílẹ̀."

Ó fi í sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì mú fìlà náà wọlé. "Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ni ó wí, "tí ara ẹ̀ bá tún tutù, ó máa lọ."

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò ṣeé kà bí ẹyọ òwú. Níta, ọkọ̀ ń kùn. Màmá ń gbàdúrà, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Dì-í-Pinpin wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì lórí itan, kò mọ ohun tí wọ́n lè dì mú.

Ilẹ̀kùn ṣí. Nọ́ọ̀sì kọjá níwájú wọn lọ sójú fèrèsé. "Awakọ̀! Ẹ pa ọkọ̀ yẹn. Ara ọmọ móoru."

Ọkọ̀ dákẹ́. Láti inú iyàrá, wọ́n gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín tó ń dùn ún lójú abẹ: "Bàbá ọmọ, fìlà ẹ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ti ọ̀mùtí!"

Dì-í-Pinpin fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló jáde. Màmá fi ọwọ́ òsì nù ún fún un.

"Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kò ní gba orí ẹ̀ mọ́," ni màmá wí. "Wàá tún un hun, kó tóbi sí i."

Dì-í-Pinpin bẹ̀rẹ̀, ó ṣa òwú tó kù nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í padà bọ àárín àwọn ìka màmá tí kò là.

"Màá tú u, Màmá," ni ó wí. "Màá tú u."