Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi àti Mọ́tò Tí Kì Í Dún

Láti ọjọ́ tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti ra mọ́tò oníná tó ń sáré bí ìbọn yẹn, ojú rẹ̀ kò gbélẹ̀ mọ́. Dókítà eyín ni. Ẹnu àwọn ẹlòmíì ló ti ń rí oúnjẹ jẹ, ẹnu tirẹ̀ náà kò sì mọ ìsinmi. Ìjókòó méjì péré ló wà nínú mọ́tò ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ọmọ mẹ́ta ló wà nílé rẹ̀. Kí lẹ tún fẹ́ gbọ́?

Ó wá sílé wa lọ́sàn-án Sunday kan, Bàbá wa sì ṣèèṣì béèrè pé báwo ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ tí a kì í gbóhùn ẹ̀.

"Bàbá, ẹ má pè é ní ẹ́ńjìnnì o," ló wí, bí ẹni tí wọ́n bú. "Kò sí epo, kò sí èéfín, kò sí nǹkan tó ń bú gbàù nínú ẹ̀. Mọ́tò ni wọ́n ń pè é."

Bàbá wò ó títí. "Mọ́tò ló wà nínú mọ́tò?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ife tíì Bàbá sọ́dọ̀, ó ki ṣíbí bọ̀ ọ́.

"Ẹ wo ara ife yìí. Kì í kúrò lójú kan. Wáyà bàbà ni wọ́n wé sí i nínú yí ká. Tí iná bá ti wọ inú wáyà yẹn, ó di òòfà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà á wá máa darí iná náà, kí agbára òòfà yẹn lè máa sáré yí po. Ṣíbí tó wà láàárín yìí ni irin tó ń yí. Òun náà ní òòfà lára, ó ń bá òòfà tìta sáré, ibi tí ìyẹn bá ń fà á sí náà ló ń lọ. Òun ló ń yí táyà. Tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ báyìí, gbogbo agbára ẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà, kì í dúró pààrọ̀ jíà. Tẹ́ ẹ bá sì gbẹ́sẹ̀ kúrò, mọ́tò yẹn á di jẹnẹrétọ̀, á máa dá iná padà sínú bátìrì, ọkọ̀ á sì máa dúró fúnra ẹ̀."

N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ̀ ọ́n. Ó fi ṣíbí ro tíì yẹn títí ó fi tutù, kò sì rántí dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Nígbà tó yá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Bàbá ní ikùn. Ọjọ́ tí wọ́n máa dá wọn sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti rìnrìn àjò iṣẹ́, èmi sì ń bójú tó ìdánwò níléèwé tí mo ti ń kọ́ni. Mo ní kí n pe takisí.

"Takisí kẹ̀?" ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ìyàwó mi, ṣé o fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Èmi ni mo máa lọ gbé wọn."

Ẹnu nọ́ọ̀sì àti ẹnu Bàbá fúnra wọn ni mo ti gbọ́ ìyókù. Mọ́tò yẹn lọ sílẹ̀ bí ẹní. Ńṣe ni wọ́n ká Bàbá bí àga tó ṣeé ká, kí wọ́n tó rí wọn tì wọlé. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé, "Ẹ rọra wà á o. Ojú abẹ ṣì tutù, ọ̀rá ìtọ̀ sì wà lára wọn."

"Mo mọ̀," ló dáhùn. "Dókítà lèmi náà."

Dókítà eyín!

Nígbà tí wọ́n dé ojú títì kan tó tẹ́jú, tó sì dá, ó ní, "Bàbá, ẹ di nǹkan mú díẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ohun tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn."

"Ọkọ ọmọ mi, má ṣe é."

Ó ti tẹ̀ ẹ́. Orí Bàbá lọ lu àga lẹ́yìn. Wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń fa síìpù sílẹ̀ ní ikùn àwọn. Ọ̀gbẹ́ni gbẹ́sẹ̀ kúrò, ọkọ̀ fà sẹ́yìn, Bàbá ṣubú síwájú, orúnkún wọn sì tẹ ọ̀rá ìtọ̀ bẹ́ sórí awọ funfun tí wọ́n fi ṣe àga.

"Àga mi!" ló ké. Kò pe Bàbá.

Ó yà sí ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò létí títì, ó gbé Bàbá sílẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì kan nínú oòrùn, pẹ̀lú ṣòkòtò tútù lára wọn, ó sì padà sídìí mọ́tò. Obìnrin tó ni ibẹ̀ ló gba nọ́ńbà mi lẹ́nu Bàbá tó pè mí. Mo fa ìdánwò lé olùkọ́ kejì lọ́wọ́, mo sá jáde.

Nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀gá wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń bẹ Bàbá ni. Rárá o. Àga mọ́tò ló kúnlẹ̀ fún, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lọ́wọ́, ó ń ha á, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyàwó mi, o ti dé? Ìtọ̀ máa ń ba awọ jẹ́ gan-an o, tí èèyàn ò bá tètè fọ̀ ọ́."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá," ni mo wí. Bàbà tó wà nínú mọ́tò ló mọ̀. Kò mọ bàbá tó jókòó sínú oòrùn. Mo fi ìborùn mi bo ìdí Bàbá, obìnrin yẹn sì bá mi gbé wọn sínú takisí, ó di ọsibítù. Okùn ojú abẹ ti já níbì kan. Wọ́n dá wọn dúró, wọ́n tún un rán.

Ẹ̀gbọ́n mi kò yà sílé nígbà tó dé láti ìrìn àjò, ọsibítù ló gbà lọ tààrà. Ọkọ rẹ̀ náà wọlé, ó gbé èso dání.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé agbára ẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè. "O ò mọ̀?" ló wí jẹ́jẹ́. "Ìwọ?"

Bàbá ló ṣàánú rẹ̀, wọ́n ní kó jókòó.

Ara Bàbá ti yá báyìí, wọ́n sì ti dárí jì í, nítorí àgbà ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi kò jókòó sínú mọ́tò yẹn mọ́, ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń gbé ara rẹ̀ kiri. Tí mo bá pàdé rẹ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i dáadáa, á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́, á máa fọwọ́ gbá mi léjìká. Ó rò pé mo ń bọ̀wọ̀ fún òun ni.