A Lọ Gbé Tóyọ̀sí Wálé

Ambrose, apẹja ọ̀rẹ́ wa létíkun, pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì pé òkun ti dé ibi tí a sin Tóyọ̀sí sí, ó sì ti tú ibojì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà níbẹ̀. Ó ní òun ti ṣa ohun tí òun rí ṣà, kí n tètè máa bọ̀. Kí n tó gbé fóònù kalẹ̀, Dora ìyàwó mi ti wọ bàtà. Ó lọ mú aṣọ funfun kan jáde nínú àpótí, aṣọ tí mi ò mọ̀ rí pé ó ní.

Tóyọ̀sí nìkan ni ọmọkùnrin tí a bí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí òkun gbé e lọ́jọ́ Gálílì, ọjọ́ Ajé tó máa ń tẹ̀lé Àjíǹde, tí gbogbo ìjọ wa ní Ìkọ̀yà máa ń lọ ṣe fàájì létíkun. Ọjọ́ kejì ni omi tó dá a padà. Mo fẹ́ gbé e wálé, àwọn àgbà ìdílé mi ní èèwọ̀ ni. Wọ́n ní ẹni tí omi bá gbé, etí omi ni wọ́n ń sin ín sí, kí omi má baà tẹ̀lé e wálé wá mú ẹlòmíràn. A sin ín sábẹ́ àgbọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin àlejò méjì tí omi gbé tẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò wá bèèrè wọn. Àwọn àgbà náà ti kú tán báyìí. Ilé ni wọ́n sin gbogbo wọn sí, wọ́n sì fi táìsì tẹ́ orí ibojì wọn. Èmi náà ti di àgbà, kí a tó gbéra, mo ti gbẹ́ ihò tí a ó sin ín sí sẹ́yìn yàrá wa. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó máa bínú.

Ní Ìgbókọ̀dá, a gbé máṣíìnì mi sínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ lọ́hùn-ún, mo so ṣọ́bìrì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Dora gùn ún sẹ́yìn mi, a sì bọ́ sí etí òkun. Bí omi bá ti fà sẹ́yìn níbẹ̀, iyanrìn tútù a máa le dáadáa, òun sì ni títì tí gbogbo ayé ń gùn.

Mo mọ ọ̀nà náà ju ọ̀nà oko mi lọ. Ọdọọdún ni a máa ń wá ṣe Gálílì tẹ́lẹ̀. Àwa ará Ìkọ̀yà mọ ọ̀pẹ gùn, a ò mọ òkun wẹ̀. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ akọrin á wọ omi dé orúnkún, wọ́n á dúró síbẹ̀ bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ ìta, wọ́n á máa pe ara wọn ní akin. Àwọn ìyá á tẹ́ ẹní sábẹ́ àgbọn, wọ́n á ṣí kúlà púpurú àti ọbẹ̀ ẹja. Ilé Ambrose, apẹja ará Ìlàjẹ tó gbà wá lálejò, ni a máa ń sùn. Ayé dùn nígbà náà, mi ò ní purọ́.

Kò sí àgbọn kankan mọ́. Kùkùté díẹ̀ ló yọrí nínú omi. Dora fọwọ́ kàn mí léjìká, ó na ìka sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ó ní ilé Ambrose nìyẹn. Ó tún na ìka sí òmíràn, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Inú bí mi. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń nawọ́ sí omi fún mi, ṣé mi ò lójú ni. Ó tún fọwọ́ kàn mí. Ó ní ibẹ̀ yẹn ni Tóyọ̀sí ti máa ń sáré lé akàn. Mo tẹ máṣíìnì síwájú.

Ẹ̀yìn abúlé, níbi tí òkun kò tíì dé, ni Ambrose kó lọ, sínú ilé pákó kékeré kan. Kò rẹ́rìn-ín sí wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó mú wa lọ síbi òkìtì iyanrìn méjì. Ó ní ibojì mẹ́ta ni òkun tú, àmọ́ ẹni méjì ni òun rí kó. Ojú òun kò gbà á láti wò wọ́n. Àwọ̀n ni òun fi dì wọ́n, tí òun sì tètè bò wọ́n mọ́lẹ̀ nítorí ajá. Bí ọmọ wa bá wà níbẹ̀, òun kò mọ èwo ni tirẹ̀. Ó wọlé lọ, kò sì jáde mọ́.

Dora ní ti apá òsì ni. Mo gbẹ́ ẹ, kò jìn rárá. Mo tú àwọ̀n náà, egungun itan ló kọ́kọ́ jáde. Mo gbé e ti itan ara mi. Ó gùn tó tèmi. Mi ò tíì rí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ní irú rẹ̀ rí.

Dora rí i. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ aṣọ funfun rẹ̀.

“Ọma mi ti dàgbà,” ó ní.

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé orí rẹ̀ ti yí. Mo rọra sọ fún un pé ọ̀kan nínú àwọn àlejò yẹn nìyí, pé kó ní sùúrù, ìkejì ni yóò jẹ́ ọmọ wa. Mo gbé ṣọ́bìrì, mo kọjú sí òkìtì kejì. Ó di ọwọ́ ṣọ́bìrì náà mú. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ.

“Bàbá Tóyọ̀sí, bí ìyẹn náà bá gùn ńkọ́?”

 Mo dúró, mo ń wo òkìtì náà. Bóyá ọmọ mi wà lábẹ́ rẹ̀, bóyá òkun ti gbé e lọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo sunkún níṣojú ìyàwó mi, ohun tí mi ò ṣe lọ́jọ́ tí a sin ín. Lẹ́yìn náà mo ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, mi ò tú òkìtì kejì, èmi àti Dora sì ń kó egungun náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú aṣọ.

Omi ti ń padà bọ̀ nígbà tí a gbéra. Dora gbé ẹrù náà sí itan rẹ̀, láàárín èmi àti òun, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé kó fara balẹ̀, ilé kò jìnnà mọ́. Mo rọra ń gùn ún, mo ń yẹra fún gbogbo kòtò, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ló wà lẹ́yìn mi.