Kẹ́ẹ̀gì tí Ọ̀gá Fi Ta Opó Lọ́rẹ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kàwé. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ó ṣojú mi kòró.

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Ọ̀gá pátápátá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó na kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí Adúmáadán, opó tó ń bá wa po oògùn kòkòrò nílé iṣẹ́.

"Ẹni tí kì í fi nǹkan ṣòfò rèé! Ó ń paná, ó ń ti ẹ̀rọ omi. Ayé kan ṣoṣo la ní, ẹ má jẹ́ ká fi pàǹtí bà á jẹ́. Ẹ yéé ju kẹ́ẹ̀gì nù, ẹ máa gbé e lọ sílé."

Kẹ́ẹ̀gì oògùn náà ni o. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ló ń wá kó wọn lọ dáná sun, ilé iṣẹ́ ló sì ń sanwó ẹ̀. Èmi tí mò ń ṣọ́ géètì, mo rí i pé ọkọ̀ ọ̀hún ò wá mọ́.

Mo bi Adúmáadán, "Ìyàwó, kí lo fẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì yìí ṣe?"

"Omi ni, Baba. Ẹ̀rọ àdúgbò wa, tó bá yọ lónìí, ó di ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire."

"Ṣé wàá fọ̀ ọ́ dáadáa?"

"Ọṣẹ ni màá fi fọ̀ ọ́. Àbí ó wọ̀ yín lójú ni? Ẹ sọ, kí n yọ̀ǹda ẹ̀ fún yín!"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà yẹn lọmọ ẹ̀ obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí ọkọ fi sílẹ̀ fún un, bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀ bí omi. Mo bá wọn gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà sì ní kí wọ́n gbé ohun tó mu wá. Bó ṣe gbóòórùn kẹ́ẹ̀gì, ó figbe ta:

"Ta ló ní kí ẹ fi eléyìí pọnmi?"

"Ọ̀gá wa ló fi ta mí lọ́rẹ, sà."

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tọ́mọ fi dákẹ́.

Ọ̀gá wá kí i. Ó mi orí. "Pẹ̀lẹ́ o. Ṣùgbọ́n ìyá yìí náà, o ò ṣe fi omi gbígbóná ṣàn án?"



Nígbà tí Adúmáadán padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kó gbogbo wa jọ, wọ́n ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fọ kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n ní ká tẹ̀ka sí ìwé pé wọ́n ti kọ́ wa, pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nílé oníkálukú, ẹjọ́ ẹ̀ ni. Ẹni tí ò bá tẹ̀ ẹ́, kó máa lọ. Adúmáadán wo ìwé náà títí. Ó sì tẹ̀ ẹ́.

Tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má dá a gbé mì.