Òwú Pupa Lára Báńdéèjì Olóyin

Àbúrò rẹ̀ tó ń gbẹ́ òkúta kò kí i dáadáa nígbà tó wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Ìyá Olóyin sì mọ̀ pé nǹkan ń bẹ nílẹ̀. Ọkùnrin tó máa ń kọrin láti ojú títì wọ yàrá, tí eruku òkúta á máa jábọ́ lára rẹ̀ bí ìyẹ̀fun, ó kàn wọlé jẹ́ẹ́, ó jókòó, ó ń wo bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí bàtà rí.

"Ta ló kú?" Ìyá Olóyin bi í. Aṣọ nọ́ọ̀sì ló ń lọ̀ lọ́wọ́, nítorí ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́.

"Kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún mi ni."

"Iṣẹ́ ló wá sọ ojú ẹ di ojú ẹni tí wọ́n jí adìyẹ rẹ̀? Ìgbà wo lo di ọ̀lẹ?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ bébà kan látinú àpò, ó tú u. Ìyá Olóyin kò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀, orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ẹṣin kan ṣoṣo ló lè kà láìṣe wàhálà. Ó rí orúkọ ẹṣin náà lórí bébà yẹn.

"Kà á."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbẹ́ ìlà àkọ́kọ́ kí n tó wo ìkejì. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo ní kà á."

Ó kà á. "'Ní ìrántí Olóyin, ẹṣin tí kò sí ẹṣin tó bá a. Àìbìkítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ló pa á.'"

Ìyá Olóyin kò gbé ọwọ́ kúrò lórí àyọọ̀nù. Ó jó ọrùn aṣọ nọ́ọ̀sì kan gba inú já, èéfín sì bo àwọn méjèèjì lójú.

Kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún lobìnrin yìí fi tọ́jú ẹṣin ní pápá eré ẹṣin tó wà lẹ́yìn àdúgbò wọn. Ó gbálẹ̀ lábẹ́ wọn, ó fọ ara wọn, ó wé ẹsẹ̀ wọn. Ẹṣin tó gba ọkàn rẹ̀ jù ni Olóyin, akọ ẹṣin aláwọ̀ oyin tó máa ń ki orí bọ abẹ́ apá rẹ̀ nígbà tí àrá bá ń sán, tí kì í mumi àfi tí obìnrin náà bá kọrin sí i létí. Kì í ṣe orin gidi, gbogbo ohun tó bá ti wà lọ́kàn ni: gbèsè ata, ẹjọ́ aládùúgbò, ìyà oókan àyà. Olóyin á gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, á wá mumi. Àwọn olólùfẹ́ ẹṣin náà ló sọ ọ́ ní Ìyá Olóyin. Tí ẹṣin bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á dìde, ẹgbẹ̀rún ènìyàn, wọ́n á máa kọ ọ́ pé:

*Olóyin ti dé o, ẹ yà lọ́nà,*
*ẹni tó bá dúró, eruku ni yóò jẹ;*
*Olóyin ti dé o, ẹ mú fìlà dání,*
*atẹ́gùn ẹ̀yìn rẹ̀ á gbé e lọ.*

Ọdún mọ́kànlá lẹ́nu eré, ìgbà méjìlélógún ló gbégbá orókè. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, Ìyá Olóyin wé ẹsẹ̀ òsì iwájú rẹ̀ tán láàárọ̀, ó fọwọ́ kan òkè báńdéèjì, ó gbóná. Ó sọ fún Kóòṣì, ọkùnrin tó ń kọ́ ẹṣin ní eré. Kóòṣì ní kó lọ pọn omi wá. Nígbà tó fi máa dé, ẹsẹ̀ ti tutù, Kóòṣì sì ti fi awọ eré bo báńdéèjì náà. Inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ dùn gan-an ni, ìyẹn ló sì ń dùn ún jù títí dòní. Olóyin sáré títí dé kọ́nà kejì, ẹsẹ̀ yẹn ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Dókítà ẹran fa aṣọ yí i ká, àwọn ènìyàn sì gbọ́ ìró ìbọn kan ṣoṣo lẹ́yìn aṣọ.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n fi gbé àpò Ìyá Olóyin jù síta. Kóòṣì ní ó wé ẹsẹ̀ ẹṣin le jù, ó ta kókó lé iṣan, iṣan kú. Gbogbo ènìyàn gbà. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, àwọn olólùfẹ́ á kó ara wọn jọ síbi tí ẹṣin ti ṣubú, Alága wọn á gbé máíkì, á sọ ìtàn náà látòkè délẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì gba orí ògiri kọjá wọ ilé ìdáná Ìyá Olóyin. Ọdún méje. Ó máa ń ṣí omi ẹ̀rọ kó má baà gbọ́.

"Ohùn máa ń kọjá lọ," ló wí fún àbúrò rẹ̀, ó ń gbé àyọọ̀nù kúrò lórí aṣọ. "Òkúta kì í kọjá lọ. Níbo làwọn olólùfẹ́ yẹn wà?"

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni wọ́n ń lò fún ìpàdé. Onígbàjámọ̀ ni akọ̀wé wọn, àwòrán Olóyin ló sì kún ara ògiri débi pé oníbàárà ò rí àyè wo orí ara rẹ̀ nínú dígí. Alága, tó ti jẹ́ amúlẹ́tà-kiri kó tó fẹ̀yìn tì, ló wà lórí àga, irun ẹ̀gbẹ́ kan ti lọ, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì wà ńbẹ̀ bí igbó.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," onígbàjámọ̀ wí, kò wẹ̀yìn. "Ẹ jókòó, mi ò ní í pẹ́."

"Mi ò wá gẹrun."

Alága rí i nínú dígí. Ojú rẹ̀ yí padà. "Obìnrin yẹn nìyí," ló wí fún onígbàjámọ̀.

"Èmi náà ni. Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń kọ mí sára òkúta."

"Ìyá, ẹ má bínú. A ò bú yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ la kọ."

"Ta ló sọ fún yín pé ó ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ̀rí ń bẹ lókè yẹn." Alága na ìka sí orí pẹpẹ. Àpótí onídígí kan wà níbẹ̀, láàárín agolo páúdà méjì, báńdéèjì funfun tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ sì wà nínú rẹ̀. "Dókítà ẹran gé e lápá kan, ó jù ú nù, èmi fúnra mi ni mo ṣà á. Lọ́dọọdún la fi ń han aráyé. Ẹ wo kókó yẹn dáadáa. Kókó tó pa Olóyin nìyẹn."

Ìyá Olóyin sún mọ́ ọn. Òun tí wọ́n lé jáde lọ́jọ́ náà, kò tíì fojú kan báńdéèjì yẹn láti ìgbà náà. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Ta ló ta kókó yìí?"

"Ẹ̀ ń bi mí ni? Ẹ̀yin ni."

"Èmi." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn létí. "Mi ò ta kókó sẹ́sẹ̀ ẹṣin lọ́jọ́ eré rí láyé mi. Kókó máa ń tẹ iṣan, píìnì máa ń ṣí. Rírán ni mo máa ń rán an, òwú pupa, ojú abẹ́rẹ́ méje, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ ilé ẹṣin ló máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní mò ń rán ṣòkòtò fún ẹṣin. Onígbàjámọ̀, gbé e sọ̀ kalẹ̀."

"A kì í ṣí i, Màmá," onígbàjámọ̀ wí.

"Ṣe ni kó o ṣí i kí n tó fọ́ ọ."

Ó ṣí i. Ìyá Olóyin fi ìka méjì gbé etí aṣọ náà sókè. Lábẹ́ ibi tí kókó wà, ihò abẹ́rẹ́ méje tò lẹ́sẹẹsẹ, òwú pupa kéékèèké sì ṣì há sínú wọn. Onígbàjámọ̀ tẹ orí síwájú, nítorí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

"Àlùmọ́gàjí ló gé òwú yìí," ló wí jẹ́ẹ́. "Kì í ṣe pé ó já. Ẹnìkan gé e, ó wá fi kókó dì í padà. Àbàwọ́n aláwọ̀ ewé yìí ńkọ́?"

Ìyá Olóyin wo àbàwọ́n náà, ó sì dá a mọ̀. Ìpara tó ń pa ẹsẹ̀ kú ni, tí ẹṣin ò fi ní í mọ̀ pé ó ń dun òun. Ìdí tí ẹsẹ̀ fi tutù nìyẹn. Ìdí tí Kóòṣì fi rán òun lọ sódò omi nìyẹn. Òun sì pọn omi dé, òun sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún wọn, gbólóhùn mẹ́ta péré. Alága nu irun kúrò lójú.

"Ó dáa," ló wí nígbẹ̀yìn. "A óò yọ ìlà kejì yẹn kúrò. Ó tán."

"Kò tán."

"Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Kóòṣì ló fẹ́ ṣí aṣọ lójú òkúta yẹn ní Sátidé. Òun ni bàbá ọjọ́. Tá a bá rọra gbé e gba ẹ̀yìn..."

"Ọdún méje ni mo fi rọra." Láti ìgbà tó ti wọlé, 'ẹ̀yin' ló ń pe Alága, ibi ọ̀wọ̀ sì parí sí nìyẹn. "Ìwọ lo gbé máíkì, ìwọ lo bà mí jẹ́, kí o wá gba ẹ̀yìn tún mi ṣe? Wo orí ẹ nínú dígí. Bí òtítọ́ tó o fẹ́ sọ ṣe rí nìyẹn, ìdajì."

Onígbàjámọ̀ yíjú sí ògiri. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, kò sì sí àyè ẹ̀rín.

Ní Sátidé, wọ́n pé síbi ọgbà onírin tó yí ibi tí ẹṣin ti ṣubú ká, fìlà aláwọ̀ oyin lórí gbogbo wọn. Wọ́n kọrin, wọ́n sunkún. Kóòṣì jókòó síwájú, ó ti darúgbó, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òkúta wà lábẹ́ aṣọ, ìlà kan ṣoṣo ni àbúrò gbẹ́ síbẹ̀. Alága gbé máíkì, orí rẹ̀ ń dán. Ó sọ ìtàn náà bó ṣe máa ń sọ ọ́. Nígbà tó dé ibi báńdéèjì, ó sáré sọ ọ́ bí ẹni tó ń fo kòtò: "A ti wá rí i pé obìnrin náà kò jẹ̀bi, kí Ọlọ́run tẹ́ Olóyin sáfẹ́fẹ́ ire, ó yá, ẹ jẹ́ ká..."

Ìyá Olóyin ti gun orí pèpéle. Kò gba máíkì. Ó ní kí onígbàjámọ̀ na apá. Ó yọ báńdéèjì tuntun, ó wé e mọ́ apá náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ki òwú pupa bọ abẹ́rẹ́, ó sì ń rán an. Kò yára. Ẹni tó wà lẹ́yìn ń béèrè lọ́wọ́ ẹni iwájú pé kí ló ń ṣe, ẹni iwájú ní kó panu mọ́. Ojú abẹ́rẹ́ méje. Lẹ́yìn náà ló gbé báńdéèjì àtijọ́ sókè, ó yí kókó rẹ̀ sí iwájú.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi rèé," ó wí, ó tọ́ka sí apá onígbàjámọ̀. "Kóòṣì, ta ló ta èyí?"

Ọkùnrin náà fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ẹnikẹ́ni ò retí pé yóò sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo ta á," ló wí. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná, ó sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin yìí, láti aago méje àárọ̀ ọjọ́ yẹn lẹ ti ń kọrin lẹ́yìn ògiri mi. Tí mo bá ní kò ní í sáré, ṣé ẹ ò ní í wó ilé mi?"

Ariwo sọ. Ẹnìkan ju fìlà lù ú, òmíràn ju ìgò omi. Àwọn tó ń sunkún fún ẹṣin láìpẹ́ yìí ti ń fa ara wọn ní kọ́là. Ìyá Olóyin dúró láàárín wọn, kò gbé ohùn sókè, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ ọ.

"Wọ́n kọrin lóòótọ́, Kóòṣì, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwọ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin náà, ẹ má ju ìgò lé e mọ́. Ẹ̀yìn ògiri yìí nilé mi wà. Ọdún méje, ẹ̀ ń gbé kókó yìí kiri bí ohun mímọ́, ta ni nínú yín tó wá bi mí bí mo ṣe ń wé ẹsẹ̀ ẹṣin?"

Kò dúró gba èsì. Ó ká báńdéèjì sápò, ó lọ sílé.

Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ jókòó sí ìsọ̀ àbúrò rẹ̀, lórí àpótí, láàárín eruku. Ìgbà tó yá, Alága wọlé, fìlà lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Mo wá sọ ohun tí a fẹ́ kó wà lórí òkúta."

"Sọ ọ́."

Ó sọ ọ́ sínú àyà. "Obìnrin tó tọ́jú rẹ̀ kò jẹ̀bi. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná. A kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀."

"Mi ò gbọ́."

Ó tún un sọ.

"Ṣé ohùn tó ń fo ògiri nìyẹn? Mi ò gbọ́."

Alága wo àbúrò, àbúrò ń wo òkúta. Ó tún un sọ ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ẹni tó ń pọ́ǹpù táyà lódìkejì títì gbójú sókè. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, àwọn obìnrin méjì tó ń kọjá dúró. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ọkùnrin náà ń kígbe, ọrùn rẹ̀ le, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kọlu ògiri ìsọ̀, ó jáde sójú títì, ó ń lọ.

Ìyá Olóyin kò rẹ́rìn-ín, kò sì ní kó jókòó.

"Bó o ṣe máa ń sọ ọ́ wọ ilé ìdáná mi nìyẹn," ló wí. "Àbúrò mi, gbé òòlù ẹ."