Ewú Orí àti Omi Búlúù

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, iṣẹ́ Ìyá Ìbejì ni láti sọ èéfín ẹ́ńjìnnì di ajílẹ̀. Gáàsì burúkú kan wà nínú èéfín náà, naitrójìn ọ́ksáìdì, tó máa ń ta ènìyàn lọ́fun. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ sínú omi tí iná mànàmáná ń gbà kọjá, tí bàbà pẹlẹbẹ kan sì wà nínú omi ọ̀hún, ó lè yí padà di amóníà tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Bàbà yìí ni wọ́n ń pè ní kátálíìsì: òun ló ń mú iṣẹ́ yá, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kì í tán. Bí amóníà bá sì ti wà nínú omi, tí wọ́n bá kán oògùn kan sí i, omi á di búlúù.

Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ paraku ni bàbà Ìyá Ìbejì. Gbogbo èyí tó ti lò rí, omi kò yí àwọ̀. Lánàá ló tún yan òmíràn nínú iná, bóyá ìyẹn á gbọ́n. Àwọn àlejò tó ń náwó sí yàrá ìwádìí náà ń bọ̀ láàárọ̀. Bí wọn ò bá rí búlúù, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé yàrá fún.

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Ó ní a kì í gbé ewú pàdé àlejò pàtàkì. Kó tó jáde nílé, ọkọ ti fi dáì kun orí rẹ̀, irun ń dán bíi kóró iṣin.

Àwọn àlejò dé. Ìyá Ìbejì dorí kodò sórí ife omi tí bàbà tuntun náà wà nínú rẹ̀, ó ń wò ó bíi pé ọmọ ló ń tọ́jú. Ó kán oògùn sí i. Omi di búlúù, búlúù tó ki! Ọ̀gá rẹ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín fò sókè, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́.

Inú rẹ̀ dùn dé góńgó, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó gbé ife mìíràn, kò fi bàbà sí i rárá, ó tún dorí kodò bíi ti àkọ́kọ́. Omi tún di búlúù.

Ìgbà náà ni òórùn dáì fẹ́ sí i nímú. Amóníà ló wà nínú dáì, òun ló ń fẹ́ láti orí rẹ̀ bọ́ sínú omi! Ó wù ú kó dákẹ́, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Ojú tì í gan-an.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà," ló sọ. "Kì í ṣe bàbà ló ṣe é. Orí mi ni. Ọkọ mi ló kun ún ní dáì láàárọ̀."

Ọ̀gá dijú. Ìyá àgbà kan tó wọ gíláàsì láàárín àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ìwọ àti orí ẹ, ẹ máa lọ síta. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí bàbà lè dá ṣe."

Ojú fèrèsé ni Ìyá Ìbejì ti ń wo ọ̀gá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ júwe fún un bí yóò ṣe ṣe é. Láìsí bàbà, omi mọ́ gaara. Wọ́n wá fi bàbà tó yan sí i, wọ́n dúró títí. Ọ̀gá gbé ife náà sójú fèrèsé. Búlúù ni, ó ṣá bíi aṣọ iléèwé tí wọ́n ti fọ̀ lá-fọ̀-tún-fọ̀, àmọ́ búlúù ni! Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í jó níta.

Ìyá àgbà ṣí ilẹ̀kùn. "Èyí tó kéré yìí, mo gbà á gbọ́, torí ìwọ fúnra ẹ lo ba èyí tó pọ̀ jẹ́. Tìẹ ni yàrá."

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé wọ́n yin irun náà?"

"Bàbá Ìbejì, wọ́n lé irun yín jáde. Èmi nìkan ni wọ́n ní kó padà wọlé."